Kí ló wà nídìí máàkì tí wọ́n fún iṣẹ́ àkànṣe?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Gbólóhùn kan wà tó máa ń jáde nínú ìwé ìròyìn nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ la ojú ọ̀nà tuntun, tí wọ́n fẹ́ ṣe dáàmù, tàbí tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá: "Iṣẹ́ náà ti yege nínú àyẹ̀wò." Nígbà mìíràn wọ́n á fi máàkì kún un, wọ́n á ní ó gba 75 nínú 100. Ibẹ̀ ni ìròyìn náà máa ń parí sí. Àwa tí a ń kọ lẹ́tà yìí, àyẹ̀wò ìlòpẹ́ ni iṣẹ́ wa, ìyẹn ni pé kí iṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀, à ń wọn ohun tí yóò ṣe fún owó, fún ènìyàn, fún ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́, lónìí àti nígbà tí àwọn tó kọ́ ọ kò ní sí mọ́. A fẹ́ kí ẹ̀yin akọ̀ròyìn àti àwọn òǹkàwé yín mọ ohun tó ń bẹ nídìí máàkì bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè yí padà pátápátá láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lórí ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan pa pọ̀. Ká ní wọ́n fẹ́ la ojú ọ̀nà láti ìlú kan sí èkejì, ipa mẹ́ta ló sì wà níwájú wọn. Ipa A gba inú àbàtà kọjá tààrà: yóò jẹ 40 mílíọ̀nù owó, yóò ba hẹ́kítà 60 jẹ́ nínú àbàtà náà, yóò sì lé agbo ilé 20 kúrò. Ipa B yí àbàtà sílẹ̀: 55 mílíọ̀nù, hẹ́kítà 15, agbo ilé 45. Ipa C ni pé kí wọ́n fẹ ojú ọ̀nà àtijọ́: 48 mílíọ̀nù, hẹ́kítà 20, agbo ilé 30. Owó kò ṣe é rò mọ́ hẹ́kítà, bẹ́ẹ̀ ni hẹ́kítà kò ṣe é rò mọ́ agbo ilé. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣirò fi ń sọ gbogbo wọn di máàkì láti òdo dé 100. Lórí òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ipa tó dára jù gba 100, èyí tó burú jù gba òdo, èyí tó wà láàárín gba ìwọ̀n tó tọ́ sí i. Lórí owó, A gba 100, B gba òdo, C gba 47. Lórí àbàtà, A gba òdo, B gba 100, C gba 89. Lórí agbo ilé, A gba 100, B gba òdo, C gba 60.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá fún òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ìwúwo, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ṣe pàtàkì tó lójú wọn, tí gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ 100 lápapọ̀. Máàkì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á fi ìdá ìwúwo rẹ̀ nínú 100 sọ di púpọ̀, wọ́n á wá ro wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá fún owó ní 50, tí wọ́n fún àbàtà ní 25 àti agbo ilé ní 25, ipa A gba 75, C gba 61, B gba 25. A ló wọlé. Bí wọ́n bá fún owó ní 30, àbàtà 40, agbo ilé 30, C bọ́ síwájú pẹ̀lú 68, A gba 60, B gba 40. Hẹ́kítà àbàtà kò dín, agbo ilé kò pọ̀ sí i. Ẹnì kan ló jókòó nínú yàrá tó yí nọ́ńbà mẹ́ta padà, ipa tí ọkọ̀ yóò gbà sì yí padà tẹ̀lé e.

Èyí tó wà níwájú ṣòro láti rí ju ìyẹn lọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ìwúwo kejì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, 30, 40, 30, èyí tí C fi wọlé. Kí ẹnì kan wá sọ pé, "B kò lè wọlé láéláé, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àtẹ." Ó dà bíi pé kò burú. Àmọ́ nígbà tó ku A àti C nìkan, C di èyí tó wọ́n jù, ó gba òdo lórí owó. Ó di èyí tó lé ènìyàn jù, ó gba òdo níbẹ̀ pẹ̀lú. Orí àbàtà nìkan ló ti gba 100. C tó ní 68 já wálẹ̀ sí 40. A dúró sí 60, òun ló wá wọlé. Yíyọ ipa tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ló sọ ẹni tó pàdánù di ẹni tó borí. Ìdí rẹ̀ ni pé máàkì bẹ́ẹ̀ kì í sọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó; bó ṣe jìnnà sí èyí tó dára jù àti èyí tó burú jù nínú àwọn tí a kó jọ ló ń sọ. Mílíọ̀nù 8 péré ni C fi ju A lọ, hẹ́kítà 40 ni A fi ba ilẹ̀ jẹ́ ju C lọ, ṣùgbọ́n lójú àtẹ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ gbogbo ọ̀nà láti òdo dé 100.

Àtúnṣe rẹ̀ wà, kò sì le. Èkínní, kí wọ́n fìdí òṣùwọ̀n múlẹ̀ kí wọ́n tó mọ ipa tí wọ́n fẹ́ wọ̀n. Bí àpẹẹrẹ, kí 100 jẹ́ pé àbàtà kò bàjẹ́ rárá, kí òdo jẹ́ pé hẹ́kítà 100 bàjẹ́; ẹni tó bá wọlé tàbí tó bá jáde nínú àtẹ kò ní lè mi òṣùwọ̀n náà. Èkejì, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè ìwúwo lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kò dára. Wọ́n á ní, "Èwo ló ṣe pàtàkì jù, ṣé owó ni àbí àyíká?" Kò sẹ́ni tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa, torí wọn kò sọ iye owó tàbí bí àyíká náà ṣe tó. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè nìyí: "Láti mú àbàtà tó máa bàjẹ́ kúrò ní hẹ́kítà 60 wá sí 15, láti mú owó kúrò ní 55 mílíọ̀nù wá sí 40, láti mú agbo ilé kúrò ní 45 wá sí 20, èwo lẹ máa kọ́kọ́ mú bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ lè mú?" Èyí tí wọ́n bá mú gba 100. Wọ́n á wá bi wọ́n pé èyí tó tẹ̀ lé e tó ìdá mélòó rẹ̀, bóyá 70, bóyá 40. Wọ́n á ro gbogbo nọ́ńbà náà pọ̀, wọ́n á fi àpapọ̀ rẹ̀ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìwúwo sì dé.

Àwọn kan fẹ́ràn ọ̀nà tí onímọ̀ ìṣirò kan, Thomas Saaty, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọn òṣùwọ̀n wé ara wọn ní méjì-méjì, láti 1 dé 9. Ó máa ń tú ìtakora fó: bí ẹnì kan bá ní owó ju àbàtà lọ, tí àbàtà ju agbo ilé lọ, tó tún wá ní agbo ilé ju owó lọ, ìṣirò á gbé e jáde. Bí ìdá ìtakora náà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe takora tó, bá ju 0.10 lọ, ńṣe ni kí wọ́n padà lọ bi í. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò takora lè ṣì jẹ́ ẹni tí kò ro ti aládùúgbò rẹ̀ rárá.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa ti ìwúwo kọ̀ọ̀kan sókè àti sísàlẹ̀, kí wọ́n wo ibi tí ẹni tó wà níwájú ti máa ń ṣubú, kí wọ́n sì kọ ibẹ̀ sínú ìwé gbangba. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wúwo bákan náà, A gba 67, C gba 65. Máàkì méjì! Ta ló lè wọn àbàtà tàbí ka agbo ilé débi tí máàkì méjì yóò fi ní ìtumọ̀? Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, òótọ́ tó yẹ kí wọ́n kọ ni pé àtẹ kò lè yan ẹnì kankan, pé àwọn aláṣẹ ló máa yàn, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi yàn án.

Láti ọdún 1971 ni àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ti gbé àtẹ ńlá kan jáde tó ní ohun 100 tí iṣẹ́ lè ṣe lápá kan, àti apá 88 lára àyíká lápá kejì, àpótí 8,800 lápapọ̀. Inú àpótí kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń kọ: ọ̀kan fún bí nǹkan náà ṣe tóbi tó, ọ̀kan fún bó ṣe ṣe pàtàkì tó. Àtẹ náà ti tóbi jù fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n pípa tí wọ́n pa nọ́ńbà méjèèjì mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ṣì ni ìwà tó dára jù nínú iṣẹ́ yìí. Títóbi la ń wọ̀n. Pàtàkì la ń dá lẹ́jọ́. Ibi tí ìwé àyẹ̀wò bá ti da méjèèjì pọ̀, ẹni tó ń kà á kò ní mọ èyí tó lè bá wọn jiyàn lé lórí.

Ohun kan tún wà tí àròpọ̀ kò lè ṣe. Nínú ìṣirò tó wà lókè, 100 tí A gba lórí owó ń bo òdo tó gba lórí àbàtà mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àbàtà yẹn ló ń fún gbogbo kànga agbègbè lómi ńkọ́? Kò sí iye owó tí a dá sí lára ojú ọ̀nà tó lè ra ìyẹn padà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fún ohunkóhun ní máàkì, ó yẹ kí a ti pa ààlà: ìwọ̀n omi tí kò gbọ́dọ̀ dín nínú odò, ìwọ̀n èérí tí kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, ibùgbé ẹranko tàbí ewéko tí kò sí níbòmíràn mọ́. Ipa tó bá ré ààlà kọjá, kó bọ́ sílẹ̀ kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá ní dandan ni kí a ré e kọjá, ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ̀rí wà, kì í ṣe ọrùn àwọn tí omi wọn fẹ́ gbẹ.

Ààlà yìí wúlò jù níbi tí iṣẹ́ kéékèèké bá ti ń wọlé tẹ̀ lé ara wọn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ wo odò kan tí omi rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ kúbíkì mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹja àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò sì nílò ó kéré tán 4. Iṣẹ́ kan fẹ́ máa fa 1.5. Ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ sọ pé ìdá 15 nínú 100 péré ni, kò pọ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Èkejì dé, òun náà fẹ́ fa 1.5, ìwé tirẹ̀ náà sọ ohun kan náà. Nígbà tí èkarùn-ún fi máa dé, 7.5 ti lọ, 2.5 ló kù, odò ti lọ sábẹ́ ààlà, ìwé márààrún sì wà nínú fáìlì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ pé kò séwu. Kò sí irọ́ nínú ìkankan wọn. Ohun tó fà á ni pé iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ àyẹ̀wò, wọn kò fi odò ṣe é. Bó bá jẹ́ odò ni, wọn ì bá ti rí i pé 6 péré ló wà fún pípín, pé iṣẹ́ mẹ́rin ti gbé e tán. Àwọn onílé iṣẹ́ mìíràn tún máa ń gé iṣẹ́ ńlá kan sí wẹ́wẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kéré ju èyí tí òfin ní kí a yẹ̀ wò. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn lè rí i bí ẹ bá gbé àwòrán ilẹ̀ wọn síra.

Ọ̀rọ̀ àkókò wá ńkọ́? Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1970 ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kọ ohun tí iṣẹ́ ńlá wọn yóò ṣe fún àyíká, kí wọ́n sì kọ àwọn ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà ṣe é. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe tiwọn fún iṣẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní 1985, ó sì di 2001 kí wọ́n tó ṣe òfin fún ètò àti ìlànà tó ń bí iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Ọdún 16 tó wà láàárín yẹn kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti iṣẹ́ ẹyọ kan, ìbéèrè tó kù kò ju ibi tí ojú ọ̀nà yóò gbà. Bóyá ọkọ̀ ojú irin ló yẹ, tàbí kí a tún ti àtijọ́ ṣe, tàbí kí a má ṣe ohunkóhun, inú ètò ni wọ́n ti parí ìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé àyẹ̀wò tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, tàbí tí àwọn ọ̀nà mìíràn inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí ọmọdé pàápàá kò ní yàn, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti yàn tán kí wọ́n tó pe àwọn tó ń wọ̀n.

Lórí owó, nọ́ńbà kan wà tó kéré lójú tó sì ń pa iṣẹ́ tàbí gbé e dìde. Wọ́n máa ń dín owó ọjọ́ iwájú kù kí wọ́n tó fi wé ti òní. Ká ní lẹ́yìn 50 ọdún, 100 mílíọ̀nù ni wọn yóò ná láti kó yẹ̀pẹ̀ tó ti kún inú dáàmù kan kúrò. Bí ìdá tí wọ́n fi ń dín in lọ́dọọdún bá jẹ́ 3 nínú 100, nǹkan bíi 23 mílíọ̀nù ni yóò wọ inú ìṣirò. Bó bá jẹ́ 5, ó di 8.7. Bó bá jẹ́ 8, ó di 2.1. Bó bá jẹ́ 10, kò pé mílíọ̀nù kan mọ́. Ẹrù tó wà lọ́rùn àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ti pòórá nínú ìwé, yẹ̀pẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Láti 2003 ni ìlànà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ìdá 3.5 fún 30 ọdún àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 3 lẹ́yìn ìyẹn. Ìdá èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, kí wọ́n kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fi ìdá méjì mìíràn tún un ṣe kí a rí ìyàtọ̀. Kí wọ́n tún ya èrè àti àdánù sọ́tọ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, torí àwọn tí iná mànàmáná dáàmù máa tàn fún kì í sábà jẹ́ àwọn tí oko wọn rì sábẹ́ omi.

Fún ohun èlò, ìlànà àgbáyé ISO 14040 àti 14044 ti ọdún 2006 ló wà: kí a sọ ète àti ibi tí àyẹ̀wò dé, kí a ka gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, kí a wọn ìpalára wọn, kí a wá túmọ̀ rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà nínú ohun tí wọ́n ń fi wé ara wọn. Ká ní lítà ọ̀dà kan ń fa kìlógíráámù 2 afẹ́fẹ́ kábọ́nù, èkejì ń fa 3. Ẹni tó bá fi lítà wé lítà yóò mú ti àkọ́kọ́. Àmọ́ bí àkọ́kọ́ bá ń lo ọdún 5 lára ògiri tí èkejì ń lo 10, láàárín 30 ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹfà la ó kun àkọ́kọ́, kìlógíráámù 12. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó kun èkejì, kìlógíráámù 9. Ògiri tí a dáàbò bò fún 30 ọdún ló yẹ ká fi wé ara wọn. Bákan náà ni gáàsì mítéènì: bí a bá wò ó fún 100 ọdún, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po 28 ti afẹ́fẹ́ kábọ́nù tí ìwọ̀n wọn jẹ́ kan náà; bó bá jẹ́ 20 ọdún, ó ju ìlọ́po 80 lọ. Ìwé tí kò bá sọ iye ọdún kò tíì sọ nǹkan kan. Ó sì wù wá kí àwọn òǹkàwé mọ̀ pé ìlànà 14044 kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìwúwo ro gbogbo ìpalára pọ̀ di ẹyọ máàkì kan nígbà tó bá fẹ́ sọ fún aráyé pé ọjà tòun sàn ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí wọn kò bá gba irú rẹ̀ fún ọ̀dà ara ògiri, ó ṣòro fún wa láti rí ìdí tí a fi ń gbà á fún dáàmù.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò lè sọ bí odò ṣe ń kún, kò sì lè ka ẹyẹ tó jẹ́ pé ìgbà òjò ló ń wá. Ọdún kan gbáko ló kéré jù, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti wọn nǹkan kọ̀ọ̀kan kí ẹlòmíràn lè padà lọ wọ̀n ọ́.

Àbájáde àyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ sùn sínú fáìlì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú. Ohun tí ìwé sọ pé yóò ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí nọ́ńbà tí a óò fi mọ̀ ọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí yóò máa wọ̀n ọ́, ìgbà tí yóò máa wọ̀n ọ́, ibi tí nọ́ńbà náà bá dé tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró, àti owó tí a ti yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. "A ó gbin igi dípò èyí tí a gé" kò tó. Igi mélòó, irú èwo, mélòó ló gbọ́dọ̀ ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ta ni yóò kà wọ́n? A bẹ̀ yín, ẹ̀yin olóòtú, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ tẹ máàkì iṣẹ́ kan jáde, ẹ gba àtẹ tí wọ́n fi ṣírò ó lọ́wọ́ wọn, kí ẹ tẹ ohun tí wọ́n wọ̀n sápá kan, kí ẹ tẹ ìwúwo tí wọ́n fún un àti orúkọ ìgbìmọ̀ tó fún un sápá kejì. Kò lè ju ìdajì ojú ewé lọ. Lẹ́yìn ọdún kejì tí iṣẹ́ náà parí, ẹ tún rán akọ̀ròyìn yín padà síbẹ̀ pẹ̀lú àtẹ kan náà lọ́wọ́.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwọn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ìlòpẹ́